Ìwé Gbélé-ẹ Tí Kò Ní Ìdí

Òṣìṣẹ́ tí ó bá la ẹnu sọ pé ọ̀gá rẹ́ òun jẹ, kì í pẹ́ kí kúẹ́rì tó dé bá a. Lẹ́yìn kúẹ́rì, wọn a gbé e lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni; lẹ́yìn náà ni ìwé gbélé-ẹ. Ọ̀gá kì í kọ ìdí sínú rẹ̀. Ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Òótọ́ ni pé Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kọ̀ kí a lé ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ní ìkìlọ̀ oṣù 1 tó fún ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5. Ẹni tí ó ṣe 20 ọdún ńkọ́? Oṣù 1 náà ni! Báwo ni yóò sì ṣe fi hàn adájọ́ pé ẹ̀san ni wọ́n ń gbà lára òun, nígbà tí a kò kọ ìdí kankan?

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé Michael Imoudu kúrò ní iṣẹ́ Réluwé ní ọdún 1943, àjèjì ni a ń bá jà. Lónìí, ọmọ onílẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, èyí ni ó sì dùn wá jù.

Láti ọdún 1982 ni Àdéhùn 158 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti wà, tí ó sọ pé ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ fi kan ọ̀gá kì í ṣe ìdí láti lé e. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i. A ń béèrè pé kí ìjọba fọwọ́ sí i, kí àwọn aṣòfin Àbújá sì pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá lé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú.