Ètò Kọ̀ǹpútà àti Odò Ọya

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà fi Python kọ ọ̀kan lórí Odò Ọya. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ fi kọ iye omi náà sí i; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn àná ni ètò ń sọ. Mo wí fún un pé, ní réluwé, a ń bi ibùdó iwájú léèrè kí ọkọ̀ tó ṣí.

Nísisìyí, ètò náà ń fi ibi tí Onitsha wà lórí àwòrán ayé ránṣẹ́ sí Open-Meteo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, iye omi ojoojúmọ́ sì ń padà wá. Ìṣirò ni o, wọn kò wọn odò náà gan-an. Ìkìlọ̀ ìjọba ni kí a tẹ̀lé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ètò wọn máa kọ ọjọ́ tí èsì dé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, kí ó jẹ́wọ́. Ẹni tí ó rántí omíyalé ọdún 2012 àti 2022 kò ní fẹ́ kí a fi omi àná pe ti òní.