Ta Ló Ní Kọ́kọ́rọ́ Pápá Àdúgbò Wa?

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ pápá ìṣeré àdúgbò yín? Kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ìpìlẹ̀ ni mò ń bèèrè. Ẹni tó ń ṣí géètì láàárọ̀, tó ń gé koríko, tó ń ṣa ìgò tó fọ́ kúrò nílẹ̀, tó sì ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ni mò ń bèèrè. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó. Ibẹ̀ ni ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1973 ti wáyé. Ibẹ̀ náà ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá góòlù méjì wọlé lọ́dún 1980, tí Múdà Láwàl fi ẹ̀kẹta kún un, tí a na Àlùjíríà ní 3-0, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ òmíràn sí Àbújá fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 2003, ojú kúrò lára ti Sùúrùlérè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni igbó ń hù níbi tí àwọn ọmọ wa ti sáré. Ogun kọ́ ló wó o. Àìtọ́jú ni. Bí ti ìjọba àpapọ̀ bá lè rí báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí pápá kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà wa?

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede ìta sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pápá yín lọ́dún yìí. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré, ọ̀rọ̀ omi ló ń gba oorun lójú mi jù. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti pọ̀ nígboro báyìí, ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ẹ́sítéètì, ní ilé ẹ̀kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sínú omi lágbàáyé lọ́dún 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sì sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Ẹ má retí pé ọmọ tó ń rì yóò kígbe. Ẹnu rẹ̀ ń wọ omi, ń jáde, kò ráyè fa èémí, áńbọ̀sìbọ́sí ohùn. Kò tó ìṣẹ́jú kan kí ó rì tán, nígbà tí àwọn àgbà ń jẹ súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ tó bọ́ aṣọ, ẹ bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ omi. Bí wọ́n bá nawọ́ sí ọmọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ omi: bí ẹ kò bá rí ihò tí omi ń gbà jáde kedere, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Ihò náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó dúró ṣinṣin, torí ó lè fa irun ọmọbìnrin mọ́lẹ̀. Òórùn kílórín tó ń ta ni nímú tí a rò pé ó túmọ̀ sí omi tó mọ́, òógùn àti ìtọ̀ tó ti dà pọ̀ mọ́ kílórín náà ló sábà ń fà á. Omi tó mọ́ kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Lórí pápá, ẹ di òpó góòlù mú, kí ẹ mì í. Bí kò bá rì mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè wó lu ọmọ tó so mọ́ ọn.

Ẹ yan ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún, kí obìnrin wà níbẹ̀, kí ọ̀dọ́ tó ń lo pápá náà wà níbẹ̀. Ẹ pín àkókò: àfẹ̀mọ́júmọ́ fún àwọn àgbà tó ń rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà ru, àkókò kan fún àwọn ọmọbìnrin láìsí ẹni tó ń lé wọn, ìrọ̀lẹ́ fún bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ fi pápá ṣe òwàḿbẹ̀ tàbí ìsọjí, kó sanwó, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì di gbogbo ihò tí òpó kánópì rẹ̀ bá dá sílẹ̀. Kí a máa lẹ ìṣirò owó náà mọ́ géètì lóṣooṣù.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ lọ sí pápá yín. Ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀: ta ló ní kọ́kọ́rọ́?