Ògiri Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọmọ ìyá tó ń jà la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá òwe náà padà sídìí ògiri fúnra rẹ̀, ògiri òkúta tó yí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá rí i tó tẹ̀ sójú títì á rò pé ọkọ̀ ló kọlù ú. Inú lọ́hùn-ún ni ohun tó ń tì í wà. Níbòmíràn, ó ti lé ní 800 ọdún tí wọ́n ti ń sìnkú sórí ilẹ̀ kan náà, títí ilẹ̀ inú ọgbà fi ga ju ọ̀nà lọ. Bí òjò bá rin ín gbindingbindin, ògiri ni gbogbo ẹrù yẹn ń fara tì.

Àwọn ọ̀mọ̀lé àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn, ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó rọ̀, omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló wá bà á jẹ́. Ẹni tó fi dí àárín òkúta kò ní èrò ibi, ó fẹ́ kó le ni. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan: sìmẹ́ǹtì dúró gbọin, ó yọrí síta bí egungun ìhà, òkúta rírọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bó bí èèpo, tó ń di lúbúlúbú síni lọ́wọ́. Omi tí kò rọ́nà jáde ti wọnú òkúta. Nígbà òtútù ó di yìnyín, ó wú, ó là á. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń parí ìjà ogún nínú ilé mìíràn: wọ́n á ní kí kálukú panu mọ́.

Bí ògiri bá yẹ̀, ẹnubodè á bá a yẹ̀. Lychgate ni wọ́n ń pe èyí tó ní òrùlé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí òkú ló wà nínú orúkọ náà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó gbé pósí ti ń dúró de àlùfáà, nítorí Ìwé Àdúrà ọdún 1549 ní kó wá pàdé òkú lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Cowfold, ní Sussex. Láyé àtijọ́, oko kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ọgbà onígi tó yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, tó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Bí igi kan bá já, gbogbo ìjọ mọ ilé tí wọn yóò kàn sí. Lónìí, ìgbìmọ̀ ìjọ ni òfin gbé àtúnṣe ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lé lọ́wọ́. Bí ìsìnkú bá sì ti dópin níbẹ̀, òfin ọdún 1972 gbà kí wọ́n fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ẹnu ògiri gan-an: ìjọ ń wo ìjọba, ìjọba ń wo àpò, ìtàkùn ti ki gbòǹgbò bọ ihò.

Ìbá wù mí kí wọ́n tún pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí onílé máa yẹ apá tirẹ̀ wò lẹ́yìn òjò, kó fa ìtàkùn náà tu nígbà tí kò tíì nípọn ju ìka lọ.