Ìwà Ọmọlúàbí Nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí ènìyàn méjì bá ń wo ojú ara wọn, ìtìjú a máa di ahọ́n mú, àánú a sì máa rọ ìbínú. Ṣùgbọ́n ayé ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní ojú mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sínú ọkọ̀ danfó ní Costain, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há a mọ́ ẹnu ọ̀nà afárá Èkó, lè mú fóònù rẹ̀ jáde kí ó sì di ọba, ọdẹ tàbí ọlọ́ṣà ní ìlú kan tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ìlú náà lè wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ní London tàbí ní Houston. Kò mọ orúkọ wọn, wọn kò sì mọ tirẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀, nínú èyí tí oníkálukú ti ń gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀, ti wọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lára. Ó yẹ kí a bèèrè irú ìwà tí ó tọ́ sí ẹni tí ń ṣe é.

Eré náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn aṣeré a jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan a máa darí ìtàn, àwọn yòókù a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá ọwọ́ wọn ṣe. Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí gbé irú rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà. Richard Bartle, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì bá a tẹ̀ síwájú. Báyìí ni àwọn tí kò jókòó pọ̀ ṣe lè máa ṣeré pọ̀. Tábìlì kúrò láàárín, ojú sì kúrò lára ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni gbígbé àwọ̀ wọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti Costain sí Ìgánmú kò jìnnà. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí ó gba àlejò àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní ọdún 2024. Kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn náà rárá ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí Dúró Ládìípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó. Ìbínú Ṣàngó le lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá parí, kò sí ẹni tí ó retí pé kí Ládìípọ̀ máa bínú bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òṣèré rere mọ ibi tí ìtàn parí sí, ó sì mọ ibi tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ẹni tí ó bá gba afárá Èkó kọjá láti Costain, erékùṣù Èkó ni yóò bọ́ sí, ilé Ẹ̀yọ̀ Adímú Òrìṣà. Ẹ̀yọ̀ a fi aṣọ funfun bo ara láti orí dé ẹsẹ̀; a kì í rí ojú rẹ̀, a kì í sì í bi í pé ta ni. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé kíyè sí akẹtẹ̀ orí rẹ̀. Akẹtẹ̀ dúdú jẹ́ ti Adímú, pupa jẹ́ ti Lábà, àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti Oníko, àwọ̀ ewéko sì jẹ́ ti Ológẹ̀dẹ̀. Àwọn ìgà yòókù náà ní àmì tiwọn. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá fi ọ̀páǹbàtà lu ẹni tí kò ṣẹ̀, àwọn ará Èkó lè má mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ yóò sọ ìgà tí ó ti jáde fún wọn, wọn yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí a gbé ẹ̀sùn lọ. Ẹ̀yọ̀ bo ojú, kò bo ilé. Àwọn èèwọ̀ sì wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀: níbi tí Ẹ̀yọ̀ bá wà, a kì í wọ bàtà, a kì í mu sìgá, a kì í gun kẹ̀kẹ́, obìnrin kì í sì í di irun ṣùkú. Òfin wọ̀nyí kò ba ayọ̀ ọjọ́ náà jẹ́. Àwọn gan-an ni ó ń dáàbò bo ayọ̀ náà.

Níbí ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aṣeré bo ojú, ó sì tún bo ilé. Kò sí akẹtẹ̀ tí yóò fi ìgà rẹ̀ hàn. Bí ó bá bú ènìyàn tán lónìí, ó lè pa orúkọ náà rẹ́ kí ó sì fi òmíràn wọlé lọ́la. Nítorí náà, ẹrù tí ìgà ń bá Ẹ̀yọ̀ gbé ti bọ́ sí èjìká aṣeré nìkan. Òun ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, òun náà ni yóò sì jẹ́ adájọ́. Ẹni tí ó ń hùwà rere nítorí pé ojú ń wò ó kò tíì fi hàn pé òun ní ìwà. Ibi tí kò sí ẹni tí ń wò ni a ti ń dán ìwà wò.

Àwọn kan yóò sọ pé eré lásán ni, pé ọ̀rọ̀ inú eré kò lè dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1993 já wọn nírọ́. Ìlú àfinúdá kan wà lórí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà nígbà náà tí ń jẹ́ LambdaMOO, tí Pavel Curtis dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ìlú náà. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Aṣeré kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Mr. Bungle lo ọgbọ́n ẹ̀rọ láti gba àkóso ẹ̀dá ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì mú wọn ṣe ohun ìtìjú ní gbangba. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n omijé gidi ni ó bọ́ lójú ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é sí. Àwọn ará ìlú náà pé jọ, wọ́n bá ara wọn jiyàn títí, nítorí pé kò sí òfin tí ó sọ ìyà tí ó tọ́ sí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso lé ọ̀dájú náà jáde. Lẹ́yìn náà ni Curtis ṣètò kí àwọn aṣeré máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìlú wọn. Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àlàáfíà kì í pẹ́ níbẹ̀.

Èyí kò wá sọ pé kí gbogbo aṣeré máa ṣe ẹni rere nínú ìtàn. Bí a bá yọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kúrò lára Ìjàpá, àlọ́ yóò di aláìládùn. Ẹni tí ó ṣe olè nínú eré kì í ṣe olè. Ìbéèrè méjì ni kí aṣeré máa bi ara rẹ̀. Èkíní: ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń bà, ṣé ẹ̀dá inú ìtàn ni, tàbí ẹni tí ó jókòó sídìí fóònù? Èkejì: ǹjẹ́ ẹni náà gbà pé kí eré dé ibi yìí? Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ bá ní ó tó, ó tó náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń bá a lọ lẹ́yìn náà kò ṣeré mọ́. Ó ń fìyà jẹ ènìyàn.

Àwọn ìwà mìíràn tún wà tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ẹgbẹ́ ró. Kí ẹni tí ó ti pẹ́ nínú eré máa fi sùúrù kọ́ àlejò, kí ó má fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀sín. Kí ẹnì kan má gba ìtàn mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí eré tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ́ akọni inú rẹ̀ ti di ìyọnu fún àwọn yòókù. Ẹni tí dátà rẹ̀ fẹ́ tán tàbí tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì bí ó bá ti lè padà wọlé. Kí àwọn tí ó dúró dè é sì fi orí jì í.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ kan àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nínú eré lè jẹ́ àgbàlagbà. Kò yẹ kí ọmọ sọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ tàbí orúkọ àwọn òbí rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ nínú eré nìkan, kò sì yẹ kí ó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó tètè sọ fún òbí tàbí olùkọ́. Bákan náà, ẹni tí ó bá tú àṣírí orúkọ ẹlòmíràn síta nítorí ìjà eré ti kúrò nínú eré pátápátá. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2024, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù ba ọmọnìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ṣeré, kí ó ṣeré. Ọgbọ́n, èdè àti ìfinúdá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ẹ̀wù ọba tí ó wọ̀ kò sọ ọ́ di ọba, ẹ̀wù ọlọ́ṣà kò sì fún un ní àṣẹ láti jalè. Aṣọ eré ṣeé bọ́, orúkọ eré ṣeé pààrọ̀. Ìwà ni kò ní ìpààrọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá sì hù ú ni ó ń gbé.