Ta Ló Ní Èdè Yorùbá Kò Mọ Ẹja Yan?



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Àwọn kan ń sọ pé bí oúnjẹ bá ti kúrò ní àmàlà àti ẹ̀wà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi ṣàlàyé rẹ̀, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó gún régé fún un. Ẹja tí a fi òróró díẹ̀ yan lójú páànù gbígbóná, tí a wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé lórí, wà lára àpẹẹrẹ wọn. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe wa wò. À ń dín àkàrà, nítorí inú òróró ló ti ń jinná. À ń yan gààrí, nítorí ooru páànù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. À ń sun iṣu nínú iná, à ń bọ ẹran nínú omi, à ń wi irun ewúrẹ́ lójú ọwọ́ iná. Obìnrin tó ń yan gààrí ní Tápà, nílẹ̀ Ìbàràpá, kò ní sọ láéláé pé òun ń dín in. Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà ńkọ́? “Fry” ni wọ́n ń pe ti àkàrà, “fry” náà ni ti gààrí. Èdè wo ló wá ṣe aláìní?

Àwọn mìíràn ní oúnjẹ òyìnbó ni. Ṣé òyìnbó ni àwọn ará Casamance ní Senegal, tí wọ́n ń fi àlùbọ́sà àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù se ẹja yíyan, tí wọ́n sì ń pè é ní yassa? Nílé tiwa ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń fọ yíyọ̀ kúrò lára ẹja àrọ̀.

Ó yá, ẹ gbọ́ ọ ní Yorùbá. Ẹ la ẹja Titus, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, nítorí omi ara ẹja kì í jẹ́ kí ó pọ́n. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára. Kí páànù gbóná dáadáa kí ẹ tó da òróró ṣíbí kan sí i. Ẹ tẹ́ ẹja náà, kí awọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí yóò fi ṣí kúrò lójú páànù fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ yí i. Bó bá jinná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ rin èèpo ọsàn mímu lé e. Ẹ má rin ín kan funfun abẹ́ èèpo, ó korò. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ bá rẹ ẹja tútù sínú omi ọsàn pẹ́ jù, kíkan rẹ̀ yóò sọ ọ́ di funfun, yóò sì le, bí ẹni pé iná ti kàn án.

Ibo ni èdè ti kọ̀ fún wa? Páànù jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà yá “sauté” lọ́wọ́ Faransé, kò sí ẹni tó ní ó kúṣẹ̀ẹ́.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè tó gbé ìṣirò, ṣé ẹja ni yóò wá wúwo fún un?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: “fráì” ti ń gbé dín àti yan mì lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá lọ, ìyàtọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ojú àti imú mọ̀ nídìí ààrò yóò bá wọn lọ. Tútù ni a sì ń ká ẹja. Bó bá gbẹ, kíkán ni yóò kán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò yín wọ ilé ìdáná lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ yan ẹja náà, láti orí ọ̀bẹ dé orí àwo, kí ẹ má sọ “fry” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ire o.