Ẹdùn Àrá: Ṣé Láti Ojú Ọ̀run Ni Ó Ti Ń Wá?

Láyé àtijọ́, bí àrá bá pa ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ẹkún nìkan ni ó máa ń wọ ilé olóògbé. Àwọn mọgbà yóò dé, wọn yóò ní Ọba Kòso ni ó bínú, pé olè tàbí òpùrọ́ ni òkú náà. Wọn yóò hú ẹdùn àrá dídán jáde nínú ilẹ̀, wọn yóò fi í han gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹbí yóò wá máa wá owó ètùtù, àní bí ó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n fi ọmọ sọfà.

Owó ètùtù náà kò wọ́pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Opó kan wà ní àdúgbò wa tí àrá pa ọkọ rẹ̀ lóko. Títí di òní olónìí, bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ohun tí ọkọ rẹ̀ jí ni ó pa á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè kan ní Ìjàrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ni ó wí pé nítorí pé wọ́n tẹ ilẹ̀ ọ̀wọ̀ mọ́lẹ̀ ni. N kò sọ pé kí a má bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ àwọn baba wa o. Ṣùgbọ́n ibi gíga ni mànàmáná sábà máa ń kọ́kọ́ bá, ìbáà ṣe orí òkè, ìbáà ṣe orí igi. Bí ó bá sì ti kan ilẹ̀, kì í dúró lójú kan. Ńṣe ni agbára iná náà ń tàn ká inú ilẹ̀, tí ó sì ń dín kù bí ó ti ń jìnnà. Màlúù tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jìnnà sí ti ẹ̀yìn, iná a gba ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, a gba àyà rẹ̀ kọjá, a sì gba ẹsẹ̀ kejì jáde. Báyìí ni odindi agbo ṣe lè kú láìjẹ́ pé àrá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹdùn àrá ńkọ́? Ìsàrun kò jìnnà sí Ìjàrè. Nínú Ihò Eléérú tí ó wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní ọdún 1965, ó sì bá egungun ẹni tí ó ti kú láti ohun tí ó lé ní 10,000 ọdún. Ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta tí ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́. Nínú àwọn ipele ilẹ̀ ti òkè sì ni àáké olókùúta tí a lọ̀ dán wà, irú èyí gan-an tí à ń pè ní ẹdùn àrá. Àwọn tí kò tíì mọ irin ni ó lọ̀ wọ́n lára àpáta. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ewé rà lé àáké wọn lórí, ọ̀gbàrá wọ́ erùpẹ̀ bò ó, ìkán àti ekòló ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wá sókè, òkúta sì ń rì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òjò ńlá kan a tún wọ́ erùpẹ̀ náà lọ. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ sísán àrá lóru, tí ó wá rí òkúta dídán lójú ọ̀gbàrá ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ kò tàn án jẹ: òjò ni ó gbé e jáde lóòótọ́. Ibi tí ó ti wá nìkan ni ó ṣì mọ̀.

Nítorí náà, inú mi kì í dùn sí olùkọ́ tí ó ń ní kí ọmọ ilé-ìwé ju ẹdùn àrá bàbá rẹ̀ àgbà nù bí ìgbàgbọ́ asán. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí ó gbé ilẹ̀ yìí ṣáájú wa ni. Kí ó gbé e wá sí kíláàsì, kí ó fi ojú ibi tí a ti lọ̀ ọ́ hàn wọ́n.

Ní ti opó àdúgbò wa, mo bẹ ẹ̀yin àgbà, ẹ lọ bá a nílé, ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba kí àwọn aládùúgbò gbọ́, pé igi gíga tí ọkọ rẹ̀ sá sí abẹ́ rẹ̀ ni àrá bá, kì í ṣe ìwà rẹ̀.