Ọmọ Tí Kò Dé Oko Baba Ẹlòmíràn

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá ọmọ tó ń ṣe fáàrí wí. Lójú tèmi, ọmọ náà kò purọ́. Ohun tójú rẹ̀ rí ló ń sọ. Ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n ni kò ní.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà rí. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Àgbádárìgì, past question ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, òun àti ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí JAMB bá yàn. Lọ́dún 2025, The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ni. Kò sóhun tó ṣe ìwé náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ kà á. Àkópọ̀ rẹ̀ ni wọ́n há sórí. Ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í fọwọ́ kan ewì. Ọmọ lítíréṣọ̀ kì í ka ohunkóhun nípa ẹja ọ̀sà tó ń jẹ lójoojúmọ́.

Ìlú tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà mà nìyí o! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dé ibẹ̀, wọn a kọ “1845” sínú ìwé, wọn a ya fọ́tò, ó parí. Ta ló ń béèrè ohun tí Àjàyí Crowther, míṣọ́nnárì ọmọ Yorùbá, kọ? Ní 1845 ló dé Àgbádárìgì. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ló dá a dúró níbẹ̀ tí kò fi tètè dé Abẹ́òkúta. Kó tó dé, ó ti kọ lẹ́tà nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ó ti kọ ìwé ìrìn àjò odò Ọya, ó sì ti ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Ẹnu àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ni ọmọ Àgbádárìgì ti gbọ́ ọ: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kànga ìgbàgbé, ọ̀nà iyanrìn Gberefu. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John, àwọn arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ síbí. Nínú ìwé ìrìn àjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1832, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń ráhùn nípa ẹ̀bùn tí Ọba Adélé ń béèrè kó tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan lè máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kó wá ka lẹ́tà tí Crowther kọ ní 1837: ó ṣàlàyé bí ogun ṣe kó òun ní Òṣoògùn ní 1821, bí okùn ṣe wà lọ́rùn àwọn ìyá àtọmọ, àti bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, tí ẹṣin ọ̀hún kò wu olówó, tí wọ́n sì dá òun padà. Tó bá tún padà sínú ìwé àwọn Lander, ẹ̀rín náà kò ní wá mọ́. Láti inú lẹ́tà ló ti rí òṣùwọ̀n tó fi wọn ìwé ìrìn àjò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìwé ìtàn tí à ń kà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹni tí ìwé Fágúnwà nìkan bá wà lọ́kàn rẹ̀ á rò pé inú igbó irúnmọlẹ̀ ni ìtàn àròsọ Yorùbá ń gbé. Kó ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, kó rí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, bó ṣe ń lé ọ̀daràn láìsí iwin kankan níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan á ní kí ọmọ yege ná, kó tó máa ka ìwé kíkà. Ṣé àyọkà inú ìdánwò WAEC wá ń yan irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ ni? Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà Crowther dání, kí ọmọ kan kà á sókè fún àwọn yòókù. Kò gùn. Wọ́n lè kà á tán kí bọ́ọ̀sì tó padà wá kó wọn.